Kí ni ìtumọ̀ Dicyema, orúkọ àfòmọ́ inú kíndìnrín octopus?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ohun tí Dicyema túmọ̀ sí, àti bóyá ó tọ́ ká máa pe ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àfòmọ́.

Èdè Gíríìkì ni orúkọ náà. "Di" ni méjì, "kyema" ni ọlẹ̀. Kölliker, onímọ̀ nípa ara ẹ̀dá ará Switzerland, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1849, orúkọ àmútọ̀runwá sì ni lójú tèmi, bíi Ìgè tàbí Àjàyí: ìbí ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Oríṣi ọmọ méjì ni kòkòrò yìí ń bí. Ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyá rẹ̀, kò sí àtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rárá, inú kíndìnrín kan náà ló sì ń gbé dàgbà. Ìkejì kéré, ó rí roboto, láti ara ẹyin àti àtọ̀ ló ti ń wá, òun ló sì ń bá ìtọ̀ octopus jáde sínú òkun. Inú sẹ́ẹ̀lì gígùn kan ṣoṣo tó wà láàárín ara ìyá ni ọlẹ̀ méjèèjì ti ń dàgbà. Sẹ́ẹ̀lì mélòó kan ló yí ìyẹn ká, ó parí: kò sẹ́nu, kò sífun, kò sí iṣan ọpọlọ.

Kölliker fi paradoxum kún un, ìyẹn àdììtú. Kò jayò pa.

Ṣùgbọ́n tó bá di ká ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ sí èkejì, orí ni wọ́n ń wò. Dicyema ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin níwájú orí, mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n sì dọ́gba síra. Pseudicyema, ìbátan rẹ̀, náà ní mẹ́rin-mẹ́rin, àmọ́ àlàfo àwọn tiwájú ni àwọn tẹ̀yìn bọ́ sí. Tí tẹ̀yìn bá jẹ́ márùn-ún, ó ti di Dicyemennea nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì kan péré, orúkọ ìdílé yí padà! Orúkọ kejì ló máa ń tú àṣírí tó kù: acuticephalum, olórí ṣóńṣó, japonicum, ará Japan, eledones, tí wọ́n fi orúkọ onílé rẹ̀, irú octopus kan tó ń jẹ́ Eledone, sọ.

Ìrísí orí yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Olórí ṣóńṣó ń ki orí bọ àárín ìṣẹ́po ara kíndìnrín, olórí pẹrẹsẹ ń lẹ̀ mọ́ ibi tó tẹ́jú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà méjì fi lè jọ gbé inú octopus kan láì du àyè.

Ní ti àfòmọ́, àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ìlàjì òwe yẹn ló bá eléyìí mu. Òun náà ò dá ilé ní, ara onílé ló ti ń jẹ. Àmọ́ kì í bá gbogbo igi tan: ẹ̀yà tó pọ̀ jù nínú wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ irú octopus kan tàbí méjì, wọn kì í sì í ṣe onílé ní jàǹbá tó hàn síta.