Ẹ Bi Wá: Ọmọlanke Wo Ló Lè Ru Ẹrù Wúwo Nínú Ọgbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ọgbà sẹ́yìn ilé, ẹnu géètì ni wọ́n máa ń já yẹ̀pẹ̀, òkúta àti ajílẹ̀ sí, èmi ni mo sì máa ń kó o wọlé. Ọ̀nà yẹn dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, tójò bá ti rọ̀ ó ti di ẹrẹ̀ nìyẹn. Bárò onítáyà kan ni mò ń lò, ó máa ń dojú dé lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn sì ń dùn mí. Mo ti wá rí ọmọlanke oníke ńlá kan báyìí, táyà mẹ́rin ló ní, wọ́n kọ 300 kílò sí i lára, mo tún rí onírin kan tó kéré sí i, táyà méjì ni tiẹ̀. Èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ẹ̀yìn tó ń dùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ronú ike àbí irin, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe wúwo tó. Líta omi kan, kílò kan ni. Yanrìn tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì omi, torí náà tí ọmọlanke kan bá gba 200 líta, tẹ́ ẹ wá bu yanrìn tútù kún un dé ẹnu, nǹkan bíi 400 kílò lẹ ń tì yẹn o! Ọmọlanke yẹn náà, èérún igi gbígbẹ lẹ bá kó kún un, kò lè tó 100 kílò. Ṣé ẹ rí i báyìí pé oníke tí wọ́n kọ 300 kílò sí yẹn lè ti kọjá agbára ẹ̀ kó tó kún, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni wọ́n máa ń ro 300 yẹn mọ́, kì í ṣe inú ẹrẹ̀.

Èmi o, tí mo bá fẹ́ ra ọmọlanke, abẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n dojú ẹ̀ dé fún yín. Ẹ wo ọ̀pá irin tí táyà wà lórí ẹ̀, ṣé ó la abẹ́ já láti ọ̀tún dé òsì àbí irin kúkúrú kúkúrú ni wọ́n kàn jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tó là á já ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wo ibi tí wẹ́dà ti jó o, ó yẹ kó yí irin po, kì í ṣe kó kàn tò ó tó-tó-tó síbi méjì mẹ́ta. Ẹ wá di táyà mú, kẹ́ ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ dá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i kó máa pòyì: èyí tó ní bíárìn gidi nínú, ìyẹn òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geerege, á máa yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ òmíì wà tó jẹ́ ike lásán ni wọ́n ki bọ inú ihò ẹ̀, ẹrù wúwo á jẹ ike yẹn tán, ihò á fẹ̀, táyà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ táyà méjì àbí mẹ́rin wá ńkọ́? Bárò tẹ́ ẹ ń lò yẹn, iwájú ni táyà ẹ̀ wà, ẹrù wà láàárín táyà àti ọwọ́ yín, ìyẹn ni pé apá kan ẹrù yẹn, ẹ̀yin lẹ gbé e, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ríro ti wá. Oníméjì tó jẹ́ pé abẹ́ ẹrù gan-an ni táyà ẹ̀ wà, tẹ́ ẹ bá to ẹrù dọ́gba, díẹ̀ ló máa kù fún ọwọ́. Onímẹ́rin ò ní kẹ́ ẹ gbé nǹkan kan, ó máa ń dá dúró fúnra ẹ̀, ó dáa gan-an lórí ilẹ̀ tó le. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà lójijì, táyà iwájú á yí wọ abẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ò ní ní ohun tó gbé e dúró mọ́, ó sì lè dà wó. Inú ẹrẹ̀ ńkọ́, táyà kéékèèké mẹ́rin á rì ni.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù fún yín jù. Tí ilẹ̀ bá fi mítà kan ga nínú mítà 10, tí ọmọlanke àti ẹrù ẹ̀ jẹ́ 200 kílò, nǹkan bíi 20 kílò lá máa fà yín padà ṣáá, kẹ́ ẹ tó tiẹ̀ rìn o, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọlanke ò ní búréèkì. Ẹ má dúró sí ìsàlẹ̀ ẹrù wúwo láé. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó wà níwájú yín, kẹ́ ẹ máa dì í mú látòkè.

Torí náà, onírin oníméjì ni kẹ́ ẹ rà, tí táyà ẹ̀ bá ga tó sì fẹ̀, tí abẹ́ ẹ̀ sì yege nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Bó ṣe kéré yẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ fún yín, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò burú. Ẹ wọn géètì náà kẹ́ ẹ tó sanwó o.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé táyà oníafẹ́fẹ́ dáa ju èyí tí kì í jò lọ?

ÌDÁHÙN: Lórí ẹrẹ̀ àti òkúta, oníafẹ́fẹ́ dáa jù, ó máa ń rọ̀ lórí gbágungbàgun. Àmọ́ tí ẹ̀gún bá pọ̀ nínú ọgbà yín, ẹ lọ ra èyí tí kì í jò, ó kàn wúwo díẹ̀ ni, á sì máa gbọ̀n yín lọ́wọ́. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gbà wà lára táyà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò fẹ́ ẹ kọjá ẹ̀, torí táyà kékeré máa ń tètè bẹ́. Sáìsì náà wà níbẹ̀, bíi 4.00-8, 8 yẹn ni ríìmù ẹ̀ ní íńṣì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì ra túùbù kan pa mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra ọmọlanke.