Ṣé òótọ́ ni pé àwọn Quaker, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan, kì í wọ aṣọ aláràbarà?

Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Lónìí, aṣọ tí gbogbo ayé ń wọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀; ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣì di ti àtijọ́ mú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1650. Wọ́n gbà pé fáàrí ń gba ọkàn èèyàn, wọ́n sì pa léèsì, ríbọ́nnì àti bọ́tìnnì tí kò wúlò tì. Àwọn ọkùnrin ń dé àkẹtẹ̀ ńlá, wọn kì í sì í ṣí i fún ọlọ́lá kankan, àfi tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ àkẹtẹ̀ yìí ni adájọ́ fi bu owó ìtanràn lé William Penn, ọ̀kan lára wọn, ní London lọ́dún 1670.

John Woolman, Quaker kan tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tiẹ̀ kọ aṣọ tí wọ́n rẹ láró: ó ní ṣe ni aró ń bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

Ti Margaret Fell, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ìjọ náà, ló wù mí jù. Lọ́dún 1700, màmá yìí fárígá pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òfin kí gbogbo ọmọ ìjọ wọ aṣọ kan náà; ó ní ìhìnrere ẹ̀gọ̀ lásán nìyẹn.