Ẹ Bi Wá: Kọ́ọ̀kì tó ń rún sínú ìgò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Sódàbì ni mò ń tà l'Àjàṣẹ́, inú ìgò tó dáa ni mo ń rọ ọ́ sí. Kọ́ọ̀kì tí mo kọ́kọ́ rà ò ní wàhálà, àmọ́ èyí tí mo rà tẹ̀lé e ihò ló kún inú ẹ̀, ó ń rún sínú ọtí. Wọ́n ní èèpo igi ni. Ṣé igi yẹn kì í kú tí wọ́n bá bó o? Ṣé ó lè hù ní Kétu?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú òwò. Èèpo igi ni lóòótọ́, igi óákù kan tó wà ní Sípéènì, Mòrókò, Àlùjíríà, àmọ́ ilẹ̀ Potogí nìkan ló ń pèsè bí ìdajì ti gbogbo ayé. Igi náà kì í kú o! Kò dà bí ọ̀gánwó tí wọ́n ń bó yípo nítorí àgbo lọ́dọ̀ wa tó wá ń gbẹ lórí ìdúró, ó máa ń dùn mí gan-an. Èèpo òde nìkan ni wọ́n ń ṣí, wọn ò ní jẹ́ kí àáké dé awọ inú torí awọ yẹn ló ń hu òmíràn, ìgbà ooru ni wọ́n sì ń ṣe é, ìgbà tó ń ṣí wẹ́rẹ́, wọ́n á wá fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ọdún yẹn sára igi, bí 4 fún 2024, kẹ́nikẹ́ni má bó o mọ́ títí ọdún 9 á fi pé, òfin ni ní Potogí.

Igi á tó bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó o lẹ́ẹ̀kíní, èèpo yẹn le, ó rí gbágungbàgun, kò ṣeé fi dé ìgò. Ìkẹta, tí igi ti lé lógójì ọdún, ni ojúlówó. Ti Kétu ńkọ́? Òjò ìgbà òtútù àti ooru gbígbẹ nigi yẹn fẹ́, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má náwó sí i.

Ihò tẹ́ ẹ rí yẹn, ibẹ̀ ni igi ń gbà mí. Igi tó bá yára dàgbà torí omi pọ̀, èèpo ẹ̀ á nípọn lóòótọ́ àmọ́ á rọ̀, á ní ihò, èyí tó rọra dàgbà lórí ilẹ̀ tí ò lọ́ràá ló máa ń ki dáadáa, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nínípọn tàn yín. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ èérún tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ irú ẹ̀ ni wọ́n tà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìgò yín máa dúró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ bíi ti wáìnì, sódàbì le, ó máa ń jẹ kọ́ọ̀kì. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ fi èékánná ha orí ẹ̀ níbẹ̀, tó bá ti ń rún, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.