Ìbéèrè Yín Lórí Owó: Ẹni Tó Fẹ̀yìn Tì Tó Fẹ́ Máa Rìnrìn Àjò

Láti ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 52 ni mí, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lópin ọdún yìí, kí èmi àti ìyàwó mi máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Owó ìfẹ̀yìntì mi jẹ́ mílíọ̀nù 26. Àwọn PFA mi, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi, ní bí mo bá gba mílíọ̀nù 8 lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á máa fún mi ní ₦150,000 lóṣooṣù. Mo tún ní mílíọ̀nù 14 ní báńkì kan, mo sì ní ilé kékeré kan tí ayálégbé ń san ₦600,000 lé lórí lọ́dún. Mo pín mílíọ̀nù 40 sí ogún ọdún, ó jẹ́ mílíọ̀nù 2 lọ́dún. Ṣé kò tó?

Ìdáhùn: Bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀ yẹn, Bàbá Ìbejì, kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà.

Mílíọ̀nù 18 tó máa kù lọ́dọ̀ PFA kì í ṣe owó tí ẹ lè nawọ́ mú nígbà tó bá wù yín. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 gbà kí ẹni tó ti pé 50 ọdún gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ìyókù gbọ́dọ̀ tó láti máa fi san owó fún un, yálà lọ́dọ̀ PFA fún iye ọdún tí wọ́n ṣírò pé á gbé, tàbí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò títí ayé. Ẹni tí kò bá tíì pé 50 tí kò sì níṣẹ́ mọ́ gbọ́dọ̀ dúró oṣù 4, kò sì ní gbà ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn àbúrò yín tó ń sáré àtifiṣẹ́ sílẹ̀ ní 45. Nítorí náà, mílíọ̀nù 22 ló wà lọ́wọ́ yín gan-an, ìyẹn 8 àti 14.

Èkejì ni ọ̀wọ́ngógó. Bí ọjà bá ń fi ìdá 15 gùn lọ́dọọdún, ohun tí ẹ ń rà ní ₦250,000 lónìí á di nǹkan bíi ₦503,000 lẹ́yìn ọdún 5, á sì kọjá mílíọ̀nù kan lẹ́yìn ọdún 10. Ìdá 15 yẹn gan-an, a rọra ṣe é ni: ìdá 34.8 ni ìjọba kéde fún oṣù Kejìlá 2024. Àwọn kan á tọ́ka sí ìlànà ìdá 4 tí William Bengen, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1994, pé kí èèyàn ná ìdá 4 nínú owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kó sì máa fi ọ̀wọ́ngógó kún iye yẹn lọ́dọọdún. Ọjà Amẹ́ríkà ló fi ṣírò, ọgbọ̀n ọdún ló sì ní lọ́kàn. Ẹ má fi díwọ̀n náírà.

Ohun tí ẹ máa wò ni àlàfo, ìyẹn iye tó fi owó tó ń jáde ju owó tó ń wọlé lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe é papọ̀. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì ń gbé ilé olóṣù kan tó jẹ́ ₦120,000, oúnjẹ ₦150,000, ọkọ̀ ₦60,000, dátà àti ìpè ₦20,000, ìlera ₦40,000, ìtọ́jú ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ₦35,000, ẹbí àti ìnáwó ₦45,000. Ó di ₦470,000. Ẹ fi ìdá 10 lé e fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀, ó di ₦517,000 lóṣù, ìyẹn mílíọ̀nù 6.2 lọ́dún. Owó PFA àti owó tí ayálégbé yín ń san ń mú mílíọ̀nù 2.4 wọlé. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ mílíọ̀nù 3.8. Kódà bí èlé tí ẹ ń gbà bá ń bá ọ̀wọ́ngógó dọ́gba, mílíọ̀nù 22 kò ní pé ọdún 6 tí á fi tán.

Ẹ wá wò ó báyìí: ẹ rìn fún oṣù 5, kí ẹ gbélé fún oṣù 7 ní ₦220,000 lóṣù. Gbogbo ìnáwó ọdún á bọ́ sí mílíọ̀nù 4.125, àlàfo á sì di mílíọ̀nù 1.725. Owó yín á tó nǹkan bí ọdún 12 àti oṣù 9. Ẹ̀yin á ti di ẹni ọdún 64 nígbà náà, kò sì tíì tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí á máa mú ₦80,000 péré wọlé lóṣù, ì báà jẹ́ títọ́jú ìwé owó fún ṣọ́ọ̀bù méjì láti orí fóònù, àlàfo á já sí ₦765,000, owó yín á sì gbé yín fún ọdún 28. Owó kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù lágbára ju bí ojú ti ń rí i lọ. Lójú tiwa, èyí ni ká kọ́kọ́ wá kí ẹ tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ tú mílíọ̀nù 14 yẹn ká kúrò lójú kan. Láti ọdún 2024, mílíọ̀nù 5 ni NDIC (àjọ ìjọba tó ń ṣe adójútòfò owó inú báńkì) ń dáàbò bò fún ẹnì kan nínú báńkì kan bí báńkì náà bá wó. Ní báńkì kékeré tí à ń pè ní microfinance, mílíọ̀nù 2 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ pín mílíọ̀nù 22 náà sí àpò mẹ́ta. Àpò kìíní, nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5, ni ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ àti ti pàjáwìrì; kó wà ní báńkì méjì. Àpò kejì, nǹkan bí mílíọ̀nù 5, ni ti ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e: Treasury Bill (owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ìgbà kúkúrú) ọjọ́ 91, 182 tàbí 364, àti Savings Bond ìjọba àpapọ̀ tí DMO, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè, ń tà láti ₦5,000 sókè, ọdún 2 tàbí 3, tó ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èlé oṣù mẹ́ta mẹ́ta yẹn bá ìrìn yín mu gan-an. Treasury Bill ní tirẹ̀, iwájú ni wọ́n ti ń yọ èlé: bó bá jẹ́ ìdá 18 fún ọjọ́ 364, ẹ ó san nǹkan bíi ₦820,500, ẹ ó sì gba mílíọ̀nù kan nígbà tó bá pé. Àpò kẹta ni ìyókù: bọ́ǹdù ọlọ́jọ́ pípẹ́, owó àjùmọ̀ní (mutual fund) tó ń ra ìpín iléeṣẹ́, àti díẹ̀ ní dọ́là. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kí ẹ máa ti ibẹ̀ bu owó kún àpò kejì, bí ọjà ìpín bá sì já wálẹ̀ lọ́dún kan, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ máa san owó oṣù fún ara yín ní ọjọ́ kìíní oṣù, sínú àkáǹtì kan ṣoṣo tí káàdì ìrìnàjò wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jí káàdì yẹn, owó oṣù kan ló wà níbẹ̀.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹsẹ̀ kò dúró sójú kan. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ₦60,000 fún ọjọ́ 5 jẹ́ ₦12,000 lójúmọ́; fún ọjọ́ 30, ₦2,000 ni. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ₦15,000 lálẹ́ jẹ́ ₦450,000 lóṣù, nígbà tí ilé olóṣù ₦120,000 yẹn jẹ́ ₦4,000 lálẹ́, ó sì ní ibi ìdáná. Ẹ gbé sítóòfù gáàsì kékeré àti ìkòkò kan dání, kí ẹ sì di èlùbọ́ láti ilé. Bẹ́ẹ̀ ni bí Èkó bá ni ẹ ń lọ, ọkọ̀ ojú irin wà ní Mọníyà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ wọ àárín Ìbàdàn rárá.

Ẹ lo ìsinmi ọdọọdún yín tó kàn fún ìdánwò: oṣù kan gbáko ní ìlú kan, kí ẹ máa kọ gbogbo náírà tó bá jáde sílẹ̀. Bí ó bá fi ìdá 20 ju ohun tí ẹ ti ṣírò tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tún ìwé ṣe. Ẹ má purọ́ fún ìwé.

Láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àlàbá, Ọ̀yọ́

Tíṣà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀. A fẹ́ lo oṣù mẹ́ta ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: Àjàṣẹ́, Kétu, Sábẹ̀, Ìdàáṣà, títí dé Atakpamé. Irú owó wo ni ká kó dání?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, Ìyá wa. Sẹfà ni wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ó sì so mọ́ owó yúrò: sẹfà 655.957 ni yúrò kan, kì í yí. Náírà wa ló ń yí. Yàrá tó jẹ́ 60,000 sẹfà lóṣù jẹ́ yúrò 91 àti ààbọ̀. Bí yúrò bá fi ₦100 wọ́n sí i, ₦9,150 ti gorí owó yàrá yín láìjẹ́ pé onílé fi kọ́bọ̀ kan kún un. Ẹ rántí bí dọ́là ṣe kúrò nísàlẹ̀ ₦500 ní báńkì kí ó tó di oṣù Kẹfà 2023, tó sì kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ti fi náírà nìkan ṣètò ìrìnàjò, owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ di ti oṣù kan.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là ní báńkì yín, kí ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ṣáájú, títí á fi tó ìnáwó gbogbo ìrìn náà. Ẹ mú káàdì báńkì méjì, kí ẹ̀yin méjèèjì má sì kó wọn sínú àpò kan náà. Ẹ béèrè iye tí káàdì náírà yín lè ná lókè òkun lóṣù. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní òdiwọ̀n tirẹ̀, wọ́n sì máa ń yí i. Ní ẹnubodè, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ méjì ni kí ẹ ṣẹ́, kí ẹ ti mọ iye tó ń lọ láàárọ̀ yẹn. Ẹ ka sẹfà tó wà lọ́wọ́ yín tán kí náírà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ní Kétu àti Sábẹ̀, Yorùbá yín ló máa bá yín ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó dá iye.

Ọmọ ECOWAS ní ọjọ́ 90 láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde àti ti ìwọlé sínú páásípọ́ọ̀tù yín, torí òǹtẹ̀ tí kò sí ló máa ń di owó nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kó ju ọjọ́ 10 lọ kí ẹ tó gbéra. Láti ọdún 2016, káàdì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ náà ti di ti ìgbà ayé ẹni.

Àkójọ owó ní ìlú onílùú, ẹ má ṣe é. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣòwò ní Gánà rí, kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kẹ́rù. Oníṣòwò tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ọjà àti nínú àwìn tó tà níbẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni. Ẹni tó ti kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáà rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí.

Láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́

Gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé mo gba owó gbọọrọ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Bí mo bá wà lẹ́yìn odi, wọ́n á ní mo ń gbádùn. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi bínú, nítorí ẹbí kan náà ló máa bá yín wo ilé. Ẹ fi ẹbí sínú ìwé ìnáwó bí ẹ ṣe fi oúnjẹ sí i. Iye kan pàtó, sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìkómọ, aṣọ ẹbí, òkú ṣíṣe àti owó iléèwé á ti máa jáde. Bó bá tán, ó tán di oṣù mẹ́ta mìíràn. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ìjókòó kan kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sọ iye tó ń wọlé lóṣù, ẹ má sọ iye tó wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ṣáájú kì í dà bí ahun lójú ẹnikẹ́ni. Èyí tí a bá sọ lọ́jọ́ tí ọmọ wà ní ọsibítù ló máa ń dunni.

Ohun kan ṣoṣo tí a máa bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ̀ pátápátá ni ṣíṣe onídùúró fún ẹni tó ń yá owó. Ẹ̀bùn ₦50,000 ti tán nínú ìwé yín lọ́jọ́ tí ẹ fún un. Gbèsè mílíọ̀nù méjì tí ẹ dúró fún lè ká yín mọ́ Kútọnu.

Láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣadé, Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ni ká ṣe sí ilé àti mọ́tò bí a bá lọ fún oṣù márùn-ún?

Ìdáhùn: Ẹ wá ẹni kan tí á máa gbé yàrá kan níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó kékeré, torí ilé tí ó ṣófo ni ikán ń jẹ. Ẹ kó ohun inú fìríìjì kúrò, ẹ pa á, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bátìrì ínfátà olómi kò gbọdọ̀ wà láìní iná nínú fún oṣù mẹ́ta, ó máa kú ni: kí ó máa gba iná, kí ẹni tó wà nílé sì máa fi omi bátìrì (distilled water) kún un bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀. Kí ó máa tan pọ́ǹpù kànga lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ní ti mọ́tò, bí ẹ bá máa fi í sílẹ̀, ẹ tú wáyà òdì (negative) lórí bátìrì, kí ẹ sì fún táyà léfúùfù dáadáa. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e kọjá ẹnubodè, ìwé adójútòfò ₦15,000 tó wà lára rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Brown Card ti ECOWAS ni kí ẹ gbà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ṣírò epo, kí ẹ sì fi ìdajì iye rẹ̀ lé e fún táyà, ọ́ìlì àti mẹkáníìkì. Bí ẹ bá máa dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní ìlú kan, ẹ fi mọ́tò sílé, ẹ wọkọ̀ èrò.