Èsì: Ẹ má kọ "àmúlùmálà" síbẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní èrò méjì di ọ̀kan ní ìpàdé àdúgbò yín ní Súúrùlérè, ẹ wá ń bèèrè bóyá "àmúlùmálà" ló yẹ kí ẹ kọ sínú ìwé ìpàdé. Rárá o! Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ọmọ Èkó bá ní "mo ti send owó yẹn," èdè àmúlùmálà la ń pè é. (Gbogbo wa la sì ń sọ ọ́.) Ohun tí èmi máa kọ ni "a pa èrò méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan." "Àkópọ̀" kàn ń kó wọn jọ ni, oníkálukú ṣì dá dúró. "Fikùn lukùn" ní tirẹ̀, ìjíròrò tó ṣáájú ìpinnu ni.