Àáró kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́

Ẹnì kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ kò sí láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Ó ní níbi ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú àwọn, ọ̀gbẹ́ni kan dìde, ó ní ọ̀kan náà ni àáró àti ọ̀wẹ̀, pé iṣẹ́ àánú lásán ni, àti pé àwọn baba wa kò ní òṣùwọ̀n kankan tí wọ́n fi ń mọ ohun tí oníkálukú ṣe. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ta ló kọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí?

Ọ̀wẹ̀ ni èèyàn ń bẹ̀. O fẹ́ mọlé, o bẹ ẹbí àti ọ̀rẹ́, o wá oúnjẹ àti ẹmu sílẹ̀ dè wọ́n, ó tán. Gbèsè ni àáró ní tiẹ̀. Bí àgbẹ̀ mẹ́fà bá dá a sílẹ̀, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ohun tí mo ṣe lóko rẹ ni wàá ṣe lóko mi, kò gbọdọ̀ dín.

Ebè ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú mi ló ṣe. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, bàbá mi á ní kí èmi àti ọmọ olóko ọjọ́ náà jọ lọ kà á, torí ẹnu ẹnì kan kò tó. Igba-igba la fi ń kà á. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú wọn kọ ebè kéékèèké kí iye rẹ̀ lè pé. Bàbá mi fi gìgísẹ̀ tẹ ọ̀kan, ó wó. Wọn ò pariwo, wọn ò bú u. Ó padà gbé ọkọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ, ilẹ̀ ti ṣú kó tó ṣe tán.

Ibẹ̀ ni mo gbà pé òwe yìí ti wá: ẹni tó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tó ní igba lòun kọ, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Wọ́n ń sọ fáwọn ọmọdé pé ìkìlọ̀ lórí irọ́ pípa ni. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta lẹ máa purọ́ iye ebè fún bó bá jẹ́ pé oko tiyín nìkan lẹ ń ro? Òwe àwọn tó jẹ ara wọn ní gbèsè iṣẹ́ ni.

Èésú, owó tí ẹgbẹ́ ń dá jọ tí oníkálukú ń kó nígbà tó bá kàn án, náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ó bá àwọn èèyàn wa dé erékùṣù Trinidad, wọ́n ń pè é ní susu níbẹ̀ títí dòní. Ilẹ̀ pàápàá, wọ́n ń ka ọdún tó fi ń sinmi.

Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́, wọ́n fi 2030 ṣe gbèdéke. Mi ò bá wọn jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé a gba ìwé wọn, a gbàgbé gìgísẹ̀. Ní ìlú kan tí mo mọ̀ dáadáa, kànga ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà nínú àkọsílẹ̀. Ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin tó ń tò síbẹ̀ láti ìdájí mọ iye kànga tó ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.