Èsì: Ìdí tí aṣọ fi ń kákò níbi ọnà ọrùn agbádá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí aṣọ òkè yín fi ń kákò bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, àti irú òwú tó yẹ. Lójú tèmi, òwú kọ́ ló jẹ̀bi, ọwọ́ tí ẹ fi ń fà á le jù ni. Ẹ fà á títí yóò fi sùn sójú aṣọ, kí ẹ sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gán aṣọ míràn tó le díẹ̀ sí ẹ̀yìn, nítorí pé ibi tí wọ́n ti rán aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì kì í lágbára bí àárín rẹ̀.

Òwú oní-fọ́nrán 6 ni kí ẹ rà, kí ẹ yọ 2 fún ilà tín-ín-rín, kí ẹ sì gé e níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 45, torí èyí tó bá gùn jù a máa lọ́ pọ̀, a sì máa ta kókó. Fún ilà tó nípọn, ẹ tẹ́ òwú ńlá sójú aṣọ, kí ẹ wá fi òwú kékeré gán an mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí òwú bá jẹ́ pupa (àwọ̀ rẹ̀ ti ba aṣọ tèmi jẹ́ rí), ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi aṣọ funfun fún un wò, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń yọ.